Ẹ Má Ṣe Gba Ọ̀nà Méjì Láti Ìfọ́n Wá Sílé

Ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà,
Ẹ̀yìn Ilé Wa,
Ọ̀wọ̀.
Àárín ọdún Igogo.

Fúnmikẹ́ ọmọ mi,

Ẹ kú ìrìn o, ìwọ àti Ṣọlá ọkọ rẹ. Ẹ kú ewu ọkọ̀ ojú omi, ẹ kú ẹrẹ̀ ọ̀nà Bìní. Mo mọ̀ pé ẹnu máa yà ọ́ pé ilé àbúrò ìyá rẹ ní Ìfọ́n ni lẹ́tà mi ti ń dúró dè ọ́. Àná ni èyí tí o kọ láti erékùṣù tẹ̀ wá lọ́wọ́. Mo rò ó pé bí mo bá fèsì ránṣẹ́ síbẹ̀, ẹ ó ti gbéra kí ó tó dé, Jòsáyà ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni yóò sì kà á, yóò máa rẹ́rìn-ín wa fún gbogbo àwọn apẹja. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ fi í lé awakọ̀ lọ́rì kan tó ń ná Bìní lọ́wọ́, pé kí ó fún Àǹtí Ìfọ́n, ẹni tí ẹ máa sùn lọ́dọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó wọ Ọ̀wọ̀. Bí o bá ń ka èyí, erékùṣù ti di ẹ̀yìn rẹ. Ìrìn tó kù kò ju ti ọjọ́ kan lọ. Ọ̀rọ̀ ìrìn ọjọ́ kan yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

Màmá rẹ jókòó tì mí báyìí, ó ń bó ẹ̀gúsí. Gbogbo ohun tí mo bá kọ, ó ní dandan kí n kà á sókè fún òun. Bí mo ṣe kà á dé ibi tí mo kọ “ilé,” ó ní, “Ulé ni bàbá rẹ ń pè é. Ọma rẹ lò ń kọ̀wé sí, kì í ṣe ọ̀gá ilé ìwé.” Mo ní kí ó jẹ́ kí n kọ̀wé mi bí mo ṣe kọ́ ọ. Ìgbà tó o bá dé, wàá gbọ́ ìyókù lẹ́nu rẹ̀.

Kí n tó gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn, jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi ọ́ ní tèmi, nítorí ọ̀rọ̀ ti ń yún mi lẹ́nu láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ. Igi àgbọn tó tẹ̀ sí etí omi níwájú ilé Jòsáyà, ṣé ó ṣì wà? Orí rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń sá aṣọ sí. Òkun ńkọ́, ṣé ó ṣì máa ń fà sẹ́yìn, tí ilẹ̀ yóò wá yọ bí àgbàlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá? Níbo ni wọ́n ní omi náà ń lọ? Nígbà tí a wà níbẹ̀, Màmá rẹ bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè, ẹ̀gbọ́n mi sì ní, “Oko ló lọ. Á dé nírọ̀lẹ́.” Àfi bí ìyá rẹ ṣe lọ jókòó sí etí omi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, tó ń wò ó bóyá yóò ru igi ìdáná dé. Ó ń gbọ́ ohun tí mo ń kọ yìí, ó ní irọ́ ni, pé ẹja tútù lòun lọ rà. Èmi mọ ohun tí mo rí.

Mo tún fẹ́ mọ bí atẹ́gùn ibẹ̀ ṣe ń dún lórí òrùlé nígbà tí òjò bá ń rọ̀, àti bóyá àwọn obìnrin ibẹ̀ ṣì máa ń kọrin sí ẹja lórí ẹyin iná. Ìbéèrè tó tóbi jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ jẹ mọ́ ẹja kan. Mà á dé ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí o kọ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà rẹ ni kò jẹ́ kí n ráyè rẹ́rìn-ín tẹ́rùn. O ní, “Bàbá, ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí a padà, èmi kò sì fẹ́ padà. Níbí, mo ń pe Ṣọlá ní orúkọ rẹ̀, kò sí ẹni tó ń wò wá. Inú àwo kan la ti ń jẹun. Ó ń bi mí léèrè ohun gbogbo tí mo bá rí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a ti ń di ẹrù, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́. Mo fẹ́ sọ ohun kan fún un lánàá, ó ní ká délé ná. Ṣé ibi tí ìgbéyàwó máa ń parí sí nìyí?”

Nígbà tí mo ka “ká délé ná” sókè, Màmá rẹ fi ẹ̀gúsí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó wò mí. Èmi wo ilẹ̀.

Ọmọ mi, àjò kò dùn kí onílé má relé. Ẹ máa padà, ilé ni ilé ń jẹ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé, mi ò sì ní fi “Ọlọ́run á ṣe é” bò ó mọ́lẹ̀. O mọ̀ pé èmi àti ìyá rẹ lọ sí erékùṣù yẹn nígbà tí mo fẹ́ ẹ tuntun. Ìyẹn ló jẹ́ kí n ní kí ẹ̀yin náà lọ sinmi níbẹ̀ lẹ́yìn ìgbéyàwó yín. Bí a ṣe padà ni mi ò sọ fún ọ rí. Ẹnì kan wà nínú ilé yìí tí ìtàn náà máa ń pa lẹ́rìn-ín ju bó ṣe yẹ lọ, ìdí nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi, bàbá Jòsáyà, ló ránṣẹ́ pè mí nígbà náà. Ọkọ̀ ojú omi ló ń kàn níbẹ̀. Ó ní kí n wá jẹ ẹja kí n sì sinmi díẹ̀ kí n tó dá ṣọ́ọ̀bù tèmi sílẹ̀. Mo mú ìyàwó mi dání. Bàbá mi kò fẹ́ ẹ, ó ní ìyàwó tí kò tíì mọ ibi tí kànga ilé ọkọ rẹ̀ wà, kí ló ń wá lọ sí òkun? Ìyá mi ló bá wa bẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí a débẹ̀, mo rí nǹkan kan tí mi ò rí rí láyé mi: ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ mí. Kò sí ẹgbẹ́ mi tí yóò sọ pé ìyàwó ti gba ìjókòó lọ́wọ́ mi. Kò sí àgbà tó ń yọjú lójú fèrèsé. Ní ìrọ̀lẹ́, a máa ń jókòó sórí ọkọ̀ kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé sí etí omi, ìyá rẹ á ní, “Délé, kí lo rí lónìí?” Mo gbọ́dọ̀ dá a lóhùn. Ohun tí òun kò rí ni mo sì gbọ́dọ̀ sọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á ní mi ò tíì dáhùn. Èmi náà á wá bi òun. Nítorí eré yìí, ojú wa kì í sinmi látàárọ̀ dalẹ́. Ojú l'alákàn fi ń ṣọ́rí; àwa fi tiwa ṣọ́ alákàn. Ó rí alákàn tí apá rẹ̀ kan tóbi ju gbogbo ara rẹ̀ yòókù lọ, ó ní ó ń fi apá náà ju ọwọ́ sí òun bí ẹni tó mọ òun rí. Èmi rí ejò tó ń wẹ̀ kọjá láàárín ọkọ̀ méjì, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Mi ò mọ̀ pé obìnrin lè rí tó bẹ́ẹ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ẹnìkejì nìkan ni wọ́n ń sọ.

Ó wá ku ọjọ́ mélòó kan. Ọmọ mi, ọkàn mi ti wọ lọ́rì kí èmi fúnra mi tó wọ̀ ọ́. Bí mo ṣe máa wọ agbo ilé wa ni mo ń rò: ẹni tí yóò kọ́kọ́ rí mi, bí mo ṣe máa dúró, ohun tí àwọn ẹgbẹ́ mi máa wí. Ẹ̀gbọ́n mi ti fún mi ní àkẹtẹ̀ kan, etí rẹ̀ fẹ̀ débi pé tí òjò bá rọ̀, èjìká mi kò ní tutù. Mo ń fi rìn káàkiri ilé. Màmá rẹ rẹ́rìn-ín, ó ní mo jọ olú tó hù lórí ògiri. Ẹ̀rín yẹn dùn mí. Bí ó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni, èmi náà ì bá rín in.

Ní òwúrọ̀ tí a máa gbéra, mo ń so àpótí irinṣẹ́ mi lókùn, ni mo bá gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilé, níbi tí igi ti ń hù nínú ẹrẹ̀, tí gbòǹgbò wọn dúró síta. “Délé! Délé! Sáré wá wo ẹja tó ń gun igi!”

Mo ní, “Ẹja kí ni? Ká délé ná, wàá sọ ọ́ fún mi.”

Ó tún pè. Mi ò lọ. Nígbà tó padà wọlé, ẹrẹ̀ dé e ní orúnkún, ojú rẹ̀ ń dán. Ó wo bí mo ṣe ń so okùn, ó sì lọ fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá rìn jìnnà ló ń rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi rìn jìnnà, mi ò sì bojú wo ibi tó wà.

A wọ ọkọ̀ omi, a wọ lọ́rì, a sùn ní Ìfọ́n bí ẹ̀yin náà ṣe sùn yìí. Ní ọjọ́ kejì, lọ́rì náà kọṣẹ́ lójú ọ̀nà. Awakọ̀ sùn sí abẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan la ń rí, ó ní òun kò lè sọ ìgbà tí yóò gbéra. Mo ní ká máa fẹsẹ̀ rìn. Mo gbé àpótí lé èjìká, mo dé àkẹtẹ̀ mi, mo kọjú síwájú. Ìyá rẹ gbé ẹrù sórí, ó tẹ̀ lé mi.

Mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà sí i. Kì í ṣe pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá. Ilẹ̀ wa ni mo ti wà báyìí, ojúlùmọ̀ lè yọ láti inú oko èyíkéyìí, ìtìjú ni lójú mi nígbà náà kí ọkùnrin máa bá ìyàwó rẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ síbi eré.

Ó dé ibi odò kan, ó dúró mu omi pẹ̀lú àwọn obìnrin tó ń fọṣọ níbẹ̀. Mi ò dúró. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún un pé Igogo ti bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀wọ̀.

Ṣọlá ọmọ mi, bí o bá ń ka èyí pẹ̀lú ìyàwó rẹ, jẹ́ kí n yà sọ́dọ̀ rẹ díẹ̀. Òótọ́ ni pé Ọ̀wọ̀ ni ìyá rẹ ti ń ta iyọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn ará ilé yín ní Àkókó lo dàgbà sí, o kò tíì bá Igogo pàdé rí. Nítorí ìyàwó Ọlọ́wọ̀ kan láyé àtijọ́ tó bínú fi ilé sílẹ̀ la ṣe ń ṣe ọdún náà, torí àwọn orogún rẹ̀ fi èèwọ̀ rẹ̀ ṣeré. Títí ọdún yóò fi parí, a kì í lu ìlù, agogo irin la ń lù. Ọkùnrin kì í dé fìlà, obìnrin kì í wé gèlè. Ọba fúnra rẹ̀ yóò di irun bí obìnrin. Gbogbo ọmọ Ọ̀wọ̀ ló mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ní erékùṣù, kò sí iṣu tuntun tó máa rán wa létí, kò sí ẹni tó ń múra ọdún, gààrí àti ẹja la ń jẹ lójoojúmọ́. Oṣù ti yí mọ́ wa lójú.

Màmá rẹ yára bá mi láti odò. “Dúró o, mo ní ọ̀rọ̀.”

Mo ní, “Ká délé ná.”

Ó tún pè mí ní orí òkè kan. Mo fi ẹ̀yìn dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ kan náà. Kò pè mí nígbà kẹta. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó tú gèlè, ó so ó mọ́ ìbàdí, ó já ewé ṣe òṣùká, ó gbé ẹrù rẹ̀, ó sì ń tẹ̀ lé mi bọ̀. Fúnmikẹ́, ká ní mo bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan péré ni, ǹ bá ti rí i pé orí rẹ̀ wà lásán. Kò gbà ju kí n yí ọrùn lọ. Mi ò yí i.

Bí a ṣe wọ ìlú, mo rí i pé àwọn ènìyàn ń wò mí. Inú mi dùn. Mo rò pé àkẹtẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́. Mo tún un gbé dáadáa, mo ń fi ọwọ́ kan etí rẹ̀ kí àwọn àgbà. Ìyá arúgbó kan fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Mo gbọ́ agogo, mo gbọ́ pé kò sí ìlù, etí mi gbọ́ ọ, ọkàn mi kò sì bi mí pé kí ló dé. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ti yí mi ká. Àkẹtẹ̀ fò lọ. Wọ́n mú mi lọ síwájú àwọn àgbà àdúgbò wa, wọ́n sì ránṣẹ́ pe bàbá mi.

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ nítorí mi. Ó ti darúgbó nígbà náà, orúnkún rẹ̀ kò dára, mo ń wò ó bó ṣe ń wá ilẹ̀ tí yóò fi ọwọ́ tì. Wọ́n dáríjì wá. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà wo èmi, ó wo ìyàwó mi tó dúró lẹ́yìn pẹ̀lú ewé lórí, ó ní, “Ìyàwó ẹ ṣí orí, ìwọ dé àkẹtẹ̀. Ṣé ọ̀nà méjì lẹ gbà wá ni?”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a délé, mo bínú sí i. Mo ní kí ló dé tó fi jẹ́ kí n wọ ìlú bẹ́ẹ̀? Ó ní, “Mo pè ọ́. O ní ká délé ná. A ti délé báyìí.” Ó fẹ́ jáde, ó tún yí padà. “Gbogbo ìlú ló ṣí orí nítorí obìnrin kan tí ilé ọkọ rẹ̀ kò ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí. Ìwọ ò lè dúró lójú ọ̀nà gbọ́ tèmi.”

 

Ohun tí o bẹ̀rù nínú lẹ́tà rẹ ṣẹlẹ̀ sí wa, ọmọ mi. Mi ò ní purọ́ fún ọ. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, èmi ń bá àwọn arákùnrin mi jẹun, òun wà pẹ̀lú ìyá mi ní ilé ìdáná. Omi ti tán, igi ìdáná ti tútù, ẹ káàárọ̀, ó dàárọ̀: ọ̀rọ̀ wa kò ju ìyẹn lọ. Kò sí ìjà. Ẹni tó bá wò wá yóò ní ilé wa tòrò. Èmi sì mọ̀ pé mo ti sọ nǹkan nù, mo kàn ń ṣe bí ẹni pé lọ́rì ló gbé e lọ.

Ní ọjọ́ kan, mo ń la ìrókò nínú ṣọ́ọ̀bù, ayùn mi kọ́ nǹkan. Mo rò pé ìṣó ni. Òkúta ni, òkúta gidi, ó wà láàárín igi tí ẹnikẹ́ni kò fi ọwọ́ kàn rí. Mo yọ ọ́, mo fọ̀ ọ́, mo ń yí i lọ́wọ́. Mo wò yí ká láti sọ fún ènìyàn, kò sí ẹni tí mo lè sọ fún tí kò ní ní kí n máa ṣiṣẹ́ mi lọ. Mo fi í sí àpò. Nírọ̀lẹ́, ìyá rẹ gbé oúnjẹ mi wá. Tẹ́lẹ̀, á gbé e sílẹ̀ á sì lọ. Lọ́jọ́ yẹn, ó jókòó sórí pákó tó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Ó ní, “Délé, kí lo rí lónìí?”

Mo ki ọwọ́ bọ àpò. Omi bọ́ lójú mi, mo ní eruku pákó ni. Kò bi mí bóyá òótọ́ ni. Òkúta ló gbà lọ́wọ́ mi, ó gbé e sí etí, ó tọ́ ọ wò pẹ̀lú ahọ́n, ó ní báwo ni òkúta ṣe wọ inú igi? Ṣé igi ló gbé e mì ni, àbí inú igi ló ti dàgbà? Ilẹ̀ ṣú mọ́ wa níbẹ̀, oúnjẹ tutù. Òkúta náà ni mo fi tẹ ìwé yìí mọ́lẹ̀ báyìí kí atẹ́gùn má baà gbé e. A kò tíì mọ̀ bó ṣe wọ inú igi o.

Nítorí náà, àwọn ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe rèé.

Èkínní, má ṣe dá lẹ́tà yìí kà. Ka gbogbo rẹ̀ fún Ṣọlá, títí kan ibi tí mo ti jọ olú. Bó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kí ó rín in dáadáa. Àna rẹ̀ ti fi ara rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà kí òun má baà ṣe é.

Èkejì, o ní Ṣọlá náà ti rí àkẹtẹ̀ rà, pé kì í bọ́ ọ lórí àyàfi tó bá fẹ́ sùn. Ẹ fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ Àǹtí ní Ìfọ́n títí ọdún yóò fi parí. Ìwọ náà, tú gèlè kúrò lórí kí ẹ tó wọ Ọ̀wọ̀. Bí ẹnì kan nínú yín bá gbàgbé, kí ẹnìkejì sọ fún un, kí ẹni tí wọ́n sọ fún sì dúró gbọ́.

Bí ẹ bá wọ lọ́rì, ẹ jókòó pọ̀. Bí ó bá kọṣẹ́, tí ẹ ń fẹsẹ̀ rìn, ẹ jọ rìn. Ẹni tó bá fẹ́ wo yín, kí ó wo yín. Ojú kì í jẹ ènìyàn tán.

Ọ̀rọ̀ àwo kan tí ẹ ti ń jẹun ńkọ́? Má bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Jẹ́ kí ó bá àwọn àbúrò rẹ̀ jẹun bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé wọn. Má sì pe orúkọ rẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, kò pa ọ́ lára. Èmi rò tẹ́lẹ̀ pé àwo àti orúkọ ni erékùṣù fún wa. Kì í ṣe òun. Ìbéèrè ni. Ìyẹn kò gba àyè nínú ẹrù, kò sì sí ìyá ọkọ tó lè ní kí o gbé e padà. Ní ọjọ́ kìíní gan-an ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, má dúró pẹ́ bí tiwa. Bí wọ́n bá sì gbé Ṣọlá, tíṣà wa, lọ kọ́ni ní ìlú Ìmọ́rù, tó jẹ́ pé òpin ọ̀sẹ̀ ló ń wálé, kí ó ní ohun tó pọ̀ láti sọ ni.

Nípa ìyá ọkọ rẹ. Mo mọ̀ pé ìwọ ń bẹ̀rù rẹ̀. O kọ̀wé pé o ra ẹja gbígbẹ fún un. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹja pọ̀ lọ́jà. Ṣé o rántí bu omi òkun sínú ìgò kí ẹ tó kúrò? Bí o kò bá ṣe é, ó ti bọ́, sọ ọ́ fún un lẹ́nu. Obìnrin yẹn ti ń ta iyọ̀ láti ìgbà tí ọkọ rẹ wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sì tíì rí omi tí iyọ̀ ń gbé rí. Sọ fún un bó ṣe rí lẹ́nu. Lẹ́yìn náà kí o bi òun náà léèrè: báwo ni ọ̀nà ṣe rí nígbà tó kọ́kọ́ ru iyọ̀ wá sí Ọ̀wọ̀? Kí ló rí? Ó lè jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò tíì bi í. Abèèrè kì í ṣìnà, bó tilẹ̀ jẹ́ ilé ìdáná ìyá ọkọ ló ń lọ.

Ṣọlá, ọ̀rọ̀ kan péré fún ìwọ. Mo mọ ìdí tí o fi ń dákẹ́. Kì í ṣe pé ìyàwó rẹ ti sú ọ. O ń múra bí o ṣe máa wọlé ni. Ilé kò béèrè ìmúra yẹn lọ́wọ́ rẹ, ọmọ mi. Bó bá pè ọ́ lójú ọ̀nà, yí ọrùn rẹ.

Mo ti fẹ́ gbàgbé ìbéèrè mi. Ẹja tó ń gun igi. Láti ọdún wọ̀nyí wá, ẹnu ìyá rẹ nìkan ni mo ti ń gbọ́ nípa rẹ̀. Ó ní ojú rẹ̀ yọ síta lókè orí, ó ń fi lẹ́bẹ́ rìn nínú ẹrẹ̀ bí ẹni tó ń fi ìgbúnwọ́ rá, ó sì gun gbòǹgbò, ó jókòó, ó ń wo òun. Nígbà míì mo máa ń rò pé ó kàn ń fi kún un láti fi jẹ mí níyà ni. Ṣé ẹ rí i? Ta ló kọ́kọ́ rí i nínú ẹ̀yin méjèèjì, ṣé ó sì pe ẹnìkejì? Bí ẹnì kan bá pè tí ẹnìkejì kò lọ, ẹ tètè parí rẹ̀ ní Ìfọ́n lálẹ́ òní. Ẹ má gbé e wọ Ọ̀wọ̀. A ń retí yín, gbogbo wa ti ṣí orí, a ó jáde wá pàdé yín lójú ọ̀nà.

Mo tún ní ọ̀rọ̀ nípa ilé ìwé àti nípa owó oṣù, ṣùgbọ́n Màmá rẹ ti kó ẹ̀gúsí rẹ̀ wọlé, ó ti padà jáde, ó ti jókòó sórí pákó lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Mo ní kí ó jẹ́ kí n parí lẹ́tà ọmọ rẹ̀ ná. Ó kàn ń wò mí. Oòrùn ti ń wọ̀, ó sì ti bi mí ní ìbéèrè rẹ̀.

Láti àárọ̀ ni mo ti jókòó síbí, ọmọ mi, mi ò sì mọ ohun tí mo rí lónìí tí òun kò rí. Jẹ́ kí n gbé kálámù sílẹ̀, kí n dá a lóhùn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Délé Káfíńtà.